Fèrèsé Tí Mo Tì Nítorí Ẹyin

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí èémí mi kò gùn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń sáré sọ. Mo kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ní ilé ìwòsàn pé ikọ́ ife ló ń ṣe é, tó jáde sí ojú títì, tí oòrùn ń pa á, tí kò mọ ẹni tí òun máa kọ́kọ́ sọ fún, tó tún ń rò ó pé bóyá kí òun kúkú má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti dúró níbi tí ẹ dúró sí yẹn. Oògùn wà. Bí ẹ bá lò ó dé òpin, ẹ ó yè. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sọ́kàn. Èyí tó kù, ohun tí mo ṣe ni, tí n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe, nítorí ọmọ ọmọ mi ló jẹ ìyà rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ṣe jẹun. Ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún láti ojúlé dé ojúlé, ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, títí ojú mi fi ṣú tí n kò lè rí lẹ́tà kéékèèké mọ́. Nígbà tí ìyàwó mi kú, Bọ́lá, àkọ́bí mi, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Bàríga. Ó fún mi ní yàrá ẹ̀yìn, yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé kan ṣoṣo, tó kọjú sí ọ̀nà tí atẹ́gùn ọ̀sà ń gbà wọlé. Bọ́lá ń ta aṣọ ọmọdé ní Onípánù. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀: Àbíkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Tèmítọ́pẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún.

Àbíkẹ́ ló dá a sílẹ̀. Ó mú ìwé kan wá lọ́jọ́ kan. Wọ́n ya ẹyin síbẹ̀, wọ́n ya òròmọdìyẹ, wọ́n ya àgbébọ̀ adìyẹ, wọ́n fi ọfà so wọ́n pọ̀ yíká. Ó ní, "Bàbá àgbà, ta ló ń ki adìyẹ bọ inú ẹyin?"

"Kò sẹ́ni tó ń kì í bọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ ló ti ń dàgbà."

"Ṣé èyí tí mọ́mì dín láàárọ̀ náà ní adìyẹ nínú?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Oko lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi. Kí n tó mọ lẹ́tà kan ni mo ti mọ ọjọ́ tí adìyẹ tó sàba máa pa. Ó ká mi lára pé ọmọ ọmọ mi rò pé inú kíréètì ni ẹyin ti ń wá sáyé. Mo ní, "Pa ìwé dé. Ohun tó ń yí padà, ojú la fi ń wò ó."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àkókò òjò ni. A kọ́kọ́ bu ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ nínú gọ́tà sínú ike ọ̀dà, àwọn dúdú kéékèèké onírù tó ń lúwẹ̀ẹ́. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń lọ kà wọ́n. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ yọ, ti iwájú tẹ̀lé e, ìrù wá ń kúrú títí ó fi wọlé. Ọjọ́ tí ọ̀kan fò jáde sórí ibùsùn mi, Tèmítọ́pẹ́ ké títí àwọn ará ilé fi sáré wá. Lẹ́yìn náà a mú kòkòrò kan lórí ewé ọsàn wẹ́wẹ́, a fi í sínú ìgò, a ń já ewé fún un títí ó fi so ara rẹ̀ rọ̀, tó sì jáde ní labalábá. Bọ́lá á ti ìsọ̀ dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á káwọ́ lérí.

"Bàbá, yàrá ni mo fún yín o, n kò fún yín ní oko."

"Ìwọ náà jókòó kí o kẹ́kọ̀ọ́," ni mo máa ń dá a lóhùn.

Ẹyin ló wá kàn. Àbíkẹ́ jí ẹyin mẹ́ta nínú kíréètì ìyá rẹ̀, ó fi aṣọ wé wọn, ó ń sùn tì wọ́n. Nígbà tó yá, òórùn lé gbogbo wa jáde. Mo ṣàlàyé fún un pé adìyẹ tó yé wọn kò fojú kan àkùkọ rí.

"Wọn ò ní bàbá?"

"Wọn ò ní bàbá."

"Káì! Wọn ì bá ti sọ fún mi."

Mo wá lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń sin adìyẹ ìbílẹ̀ létí ọ̀sà, mo ra ẹyin mẹ́jọ tó ní bàbá. Mo gba páálí ìwé lọ́wọ́ àwọn tí mo fi sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, mo so gílóòbù sínú rẹ̀, mo gbé abọ́ omi sí ìsàlẹ̀ kí ẹyin má baà gbẹ. Bí iná bá lọ, a ó rọ omi gbígbóná sínú ike, a ó fi tì wọ́n. A fi pẹ́ńsùlù kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹyin, a fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ la sì ń yí wọn padà.

Ṣùgbọ́n òtútù ni ọ̀tá ẹyin. Mo ti fèrèsé. Mo ká aṣọ sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo kọ́ àwọn ọmọ pé ẹni tó bá wọlé kó ti ilẹ̀kùn kíá, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju èmi olùkọ́ lọ. Bí ìyá wọn bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, wọ́n á pariwo, "Mọ́mì, òtútù ń mú ẹyin!" Lọ́sàn-án, a ó tún ta aṣọ bo fèrèsé náà kí òkùnkùn lè ṣú, màá wé páálí mọ́ ẹnu tọ́ọ̀ṣì, màá gbé ẹyin lé e lórí. Lọ́jọ́ keje a rí i: ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, àti àmì dúdú kan tó ń mì láàárín. Àwa mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sórí ẹyin kan ṣoṣo, orí wa kan ara wọn. Èémí tí mo bá mí síta, àwọn ni wọ́n ń fà á sínú. Mo sì ti ń wúkọ́ nígbà yẹn.

Ikọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ bí ohun tó fẹ́ pa èèyàn. Ikọ́ kékeré gbígbẹ ni, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ tó ń tún ọ̀fun ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó di àlejò tí kò lọ mọ́. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ara mi á máa gbóná díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá bá ìrọ̀rí mi tó tutù rinrin fún òógùn. Bẹ́líìtì tí mo ti ń fi ihò kẹta de ṣòkòtò dé ihò ìkẹyìn, mo tún fi ìṣó lu òmíràn. Oúnjẹ kò wù mí. Ẹ kíyè sí èyí: ikọ́ tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí òógùn àti rírù bá tẹ̀lé e, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn dá yín dúró sílé. Èmi ni mo ń pa ìtàn fún ara mi. Mo ní íǹkì ọjọ́ pípẹ́ ló ń padà bọ̀. Nígbà tí mẹ́fà nínú ẹyin mẹ́jọ wá pa, tí òròmọdìyẹ ń fò kiri inú páálí, gbogbo ilé fẹnu kò pé ìyẹ́ adìyẹ ni.

Oníkẹ́mísì fún mi ní oògùn olómi, ìgò mẹ́rin. Bọ́lá ra oyin àti orógbó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Rẹ̀mí, tó jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí, gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì gbé àgbo dé nínú gálọ́ọ̀nù. Ó wò mí, ó wo páálí.

"Délé, ìwọ àgbàlagbà, ìwọ àti adìyẹ lẹ jọ ń sùn nínú yàrá kan?"

"Ẹ̀kọ́ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀kọ́ wo? Kí adìyẹ máa gbọn ìyẹ́ sí ọ nímú? Gba èyí, mu ún."

Àgbo náà korò tó bẹ́ẹ̀ tí omi bọ́ lójú mi. Oṣù kan gbáko ni mo fi mu ún. A dá àwọn òròmọdìyẹ padà fún obìnrin etí ọ̀sà, àwọn ọmọ sunkún wọlé. Adìyẹ lọ, ikọ́ dúró. Nígbà tí Àbíkẹ́ wá bẹ̀ mí pé ẹyin kò kúkú ní ìyẹ́, mo tún to mẹ́wàá mìíràn sínú páálí. Mo tún ti fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni mo tu ẹ̀jẹ̀ sínú bááfù, Bọ́lá sì rí i.

Kò dúró gbọ́ ìtàn mọ́. A ti dé ilé ìwòsàn ìjọba kí oòrùn tó yọ, síbẹ̀ èèyàn ti tò síwájú wa bí ẹni ń dìbò. Wọ́n fún wa ní káàdì kékeré tó ní nọ́ńbà. Àwa tí à ń wúkọ́, wọ́n ní kí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, lábẹ́ igi. Mo fa fìlà bo ojú, nítorí mo rí ẹnì kan tó jọ ará ilé ìtẹ̀wé. Obìnrin kan tó jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi.

"Bàbá, ẹ ṣí fìlà. Gbogbo wa la jọ ń wú u níbí, ta ló fẹ́ fi ta ṣẹ̀sín?"

"Eruku adìyẹ ni tèmi."

"Háà. Eruku gààrí ni wọ́n pe tèmi nílé." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́.

Oòrùn kan àtàrí kí wọ́n tó pe nọ́ńbà mi. Wọ́n fún mi ní ike kékeré pé kí n wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti inú àyà sí i, wọn ò fẹ́ itọ́ ẹnu lásán. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ mẹ́ta sí i.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni Ìyá Rẹ̀mí wá jókòó síbi ẹsẹ̀ ibùsùn mi. Fúnmi, àbígbẹ̀yìn mi, ti rí ọkọ. Ọmọ onílẹ̀ ni, láti ìdílé ńlá kan ní Ṣómólú, àwọn ẹbí ọkọ sì ń múra láti wá mọ ilé wa.

"Délé, o mọ̀ pé wọ́n á wádìí wa."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n á béèrè bóyá wèrè wà níbẹ̀. Wọ́n á béèrè wárápá. Wọ́n á béèrè ikọ́ ife. Ohunkóhun tí dókítà bá sọ, inú rẹ ni kó sùn sí. Má tilẹ̀ sọ fún Bọ́lá, ẹnu rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́."

"Bó bá wá jẹ́ òun ńkọ́?"

"Eruku adìyẹ ni. Ṣebí ìwọ náà lo sọ bẹ́ẹ̀?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo ní kí Bọ́lá máa lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Èmi nìkan ni mo lọ gbọ́ ọ. Òun náà ni. Etí mi dí fún ìgbà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí, obìnrin kúkúrú kan tí kì í kánjú, jẹ́ kí n mí dáadáa kó tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀fẹ́ ni oògùn náà. Oṣù mẹ́fà ni, n kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ìtọ̀ mi á pọ́n, kí n má bẹ̀rù. Kí n máa fi aṣọ bo ẹnu bí mo bá ń wúkọ́. Kí n ṣí fèrèsé sílẹ̀, tọ̀sán tòru. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé ńlá kan.

"Bàbá, àwọn wo lẹ jọ ń gbé? Ẹ má fo ẹnì kankan o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló jẹ mí lógún jù. A ó yẹ̀ wọ́n wò, a ó fún wọn ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó mú wọn."

Mo rí i bí ẹni ń wo fọ́tò. Mo rí òṣìṣẹ́ ìlera tó gbé báàgì wọ àdúgbò wa, tó ń béèrè ilé bàbá oníkọ́. Mo rí àwọn àna tó yí mọ́tò padà. Mo rí Fúnmi.

"Èmi nìkan ni mò ń gbé," ni mo wí.

Ó gbójú sókè. "Kò sí ọmọ ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ yín?"

"Ìbàdàn ni wọ́n wà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ ìró bírò náà lórí ìwé. Láti kékeré ni mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sórí ìwé, bí a bá sì ṣìṣe, a ó fa á ya, a ó tún un tẹ̀. Èyí, n kò lè fà á ya.

Mo sọ fún Bọ́lá pé àyà mi ló wú nítorí eruku. Mo kó oògùn pamọ́ sínú agolo. Ìyá Rẹ̀mí nìkan ló mọ̀. Òun náà kò fẹ́ kí àwọn ọmọ kó o; ẹ má pè é ní ìkà. Ó ra abọ́ kan àti ife kan fún mi, ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí wọn, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá mi lò wọ́n. Ṣáájú ìgbà náà, mo máa ń ṣẹ́ ẹran kù sí ìsàlẹ̀ abọ́ fún Àbíkẹ́, bí bàbá mi ti ń ṣe fún mi. A fòpin sí i. Ọmọ náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun tán.

"Bàbá àgbà, kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ ò ṣẹ́kù fún mi mọ́."

Ó dùn mí wọ egungun, síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo rò pé mo ń dáàbò bò ó. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá; ohun tí àwa àgbà méjì ṣe gan-an nìyẹn. Ikọ́ ife kì í gba ara abọ́ wọlé, èémí ló ń bá wọlé. Wọ́n ti sọ fún mi kí n ṣí fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹyin ti pé ọjọ́ kọkànlá. Mo ní kí wọ́n pa ná. Ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn ni fèrèsé yẹn fi wà ní títì, tí àwọn ọmọ ń wá yí ẹyin lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, tí mo sì ń fi abọ́ mi pamọ́ fún wọn.

Oògùn náà ṣiṣẹ́ lára mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń rú mi nínú, mo ń bì. Ìtọ̀ mi pọ́n bí omi ọsàn. Lẹ́yìn oṣù kan, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí bí ẹni tó ti oko dé. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo sùn mọ́jú láìwúkọ́. Àwọn àna wá, wọ́n bá mi nínú agbádá, mo sanra díẹ̀, mo ń bá wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Fúnmi lọ sílé ọkọ.

Ní oṣù kẹrin ni mo kíyè sí i pé Àbíkẹ́ kò sáré mọ́. Bí pẹ́ńsùlù bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní tẹ̀ mú un. Ó máa lóṣòó, á na ẹ̀yìn ṣánṣán, á fi ọwọ́ kan di itan mú kó tó dìde. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. A ní báàgì ìwé ló wúwo. Ìyá Rẹ̀mí ní ó ṣubú ni, ó mú òrí wá, ó ń fi pa á lẹ́yìn. Ara rẹ̀ ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: nígbà tí mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ tí mo gbọ́ ooru náà, mo mọ̀ ọ́n. Ooru tèmi ni. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Bọ́lá ń wẹ̀ fún un ní òwúrọ̀ Sátidé kan nígbà tó pè mí. "Bàbá, ẹ wá wo nǹkan." Kókó kan ti yọ láàárín ẹ̀yìn ọmọ náà, ó le bí orúnkún. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà nílé, mo jókòó, ẹ̀yìn ọmọ wọ́ lójú mi.

Ìgbà tí a fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀. Dókítà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, gbé fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Egungun méjì ti rún mọ́ra wọn bí búrẹ́dì tí omi kán sí. Ó yíjú sí Bọ́lá.

"Mà, ṣé ẹnì kan wà nílé yín tó ti ní ikọ́ ife?"

"Rárá o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kò sí nínú ìdílé wa."

"Ó dá yín lójú? Bí kò bá sí, a ó ṣì máa yẹ oríṣiríṣi nǹkan wò, ó sì máa gba ọjọ́. Bó bá wà, mo mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú lọ, mà. Ẹ rò ó dáadáa."

Bọ́lá ń mi orí. Àbíkẹ́ dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà.

"Èmi ni," ni mo wí.

Bọ́lá yíjú. "Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo ní in. Mò ń lo oògùn rẹ̀ lọ́wọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó di oṣù márùn-ún."

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a, ó tún tú u. "Bàbá," ó ní, "ẹ gbé abọ́ yín kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ mọ̀ débi tí ẹ fi gbé abọ́ yín kúrò."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn Àbíkẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n pe Tèmítọ́pẹ́ wá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ikọ́ náà kò tíì mú un. Wọ́n fún un ní oògùn ìdáàbòbò tí wọ́n ì bá ti fún àwọn méjèèjì. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì kúkúrú yẹn, mo jẹ́wọ́. Ó ṣí ìwé ńlá náà, ó wá ibi tí orúkọ mi wà. Ó ní kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó wọ ọmọ náà lára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kí n tó dé ilé ìwòsàn rárá. "Ṣùgbọ́n ká ní ẹ dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Bàbá, a ì bá ti bá a nígbà tó ṣì kéré."

Ọdún kan ni Àbíkẹ́ fi lo oògùn. Oṣù mẹ́rin nínú rẹ̀, orí ibùsùn líle ló wà, wọ́n fi nǹkan tó le gbagidi de ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìgbáyà dé ìdí. Bọ́lá ti ìsọ̀. Bọ́lá ń gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ sílé ìyàgbẹ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Tèmítọ́pẹ́ ló ń gbé oúnjẹ mi wá, nínú abọ́ gbogbo ilé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí àwọn àna Fúnmi, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé èso wá kí wa. Ó jókòó, ó ní, "Ikọ́ ife yìí náà lẹ bò mọ́lẹ̀ tó báyìí? Bàbá ọkọ mi lo oògùn yẹn. Àbúrò mi lò ó. Ẹ ò bá bi wá léèrè." Ìyá Rẹ̀mí tẹrí ba. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, kò sì tíì wá sí Èkó mọ́.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe wà báyìí. Mo lo oògùn mi parí, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, ó mọ́. Ṣùgbọ́n àpá wà nínú àyà mi lápá òsì. Bí mo bá ń lọ sójú títì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń dúró sinmi. Àbíkẹ́ ti pé ọdún mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó ń rìn, ó ti padà sílé ìwé. Kókó ẹ̀yìn rẹ̀ kò lọ, wọ́n ní kò ní lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo rò pé ó ń sùn, ó la ojú sí mi.

"Bàbá àgbà, ṣé nọ́ọ̀sì yẹn bi yín nípa mi?"

"Ó bi mí."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní kò sí ọmọ nílé."

"Ṣùgbọ́n mo wà nílé," ó ní.

Ẹ̀yin tí ẹ dúró sójú títì pẹ̀lú oògùn lápò, ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyẹn. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ dárúkọ wọn. Ẹ dárúkọ gbogbo ẹni tó ń mí nínú yàrá tí ẹ ti ń wúkọ́. Ìtìjú á kọjá. Mo ti rí i tó kọjá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Àbíkẹ́ ń ti ibi ìyẹ̀wò rẹ̀ bọ̀. Ó ti ṣíwájú mi díẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó síwájú ilé ní àdúgbò wa, Àbíkẹ́ sì kí i. Orí ìdúró ló ti kí i, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà á láyè láti kúnlẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà kò mọ̀ wá.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín nìyẹn? O kò ní orúnkún ni? Ta ló kọ́ ọ?"

Àbíkẹ́ dúró, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó mọ àlàyé tó lè ṣe, kò sì ṣe é. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn, mo ń wá èémí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ọkùnrin tí mo lè bí lọ́mọ.

"Yéè! Bàbá, kí lẹ ń ṣe? Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí!"

"Ẹ má bá a wí," ni mo wí láti ilẹ̀. "Èmi ni kí ẹ bá wí."

Èémí mi kò tètè padà. Àbíkẹ́ kò lè tẹ̀ láti gbé mi. Ó dúró tì mí níbẹ̀ títí mo fi dìde.